Orí Gìtá Ni Ẹjọ́ Wà

Ọ̀rọ̀ gìtá ni mo bá wá lálẹ́ òní. Ẹ má ì tíì pa rédíò o. Ẹni tí kò mọ gìtá ta rí láyé rẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn án, bó bá ti ra ọjà rí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra gìtá bèèsì kan láàárín ìgboro Johannesburg níbí. Tókúnbọ̀ ni. N kò ní dárúkọ ẹni tó tà á fún mi, nítorí n kò wá pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lórí afẹ́fẹ́. Gìtá náà lẹ́wà. Ara rẹ̀ pọ́n láàárín, ó wá ń ṣú lọ sí etí, bí ojú ọ̀run nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Lókè pátápátá, lórí rẹ̀, wọ́n kọ "Fender" síbẹ̀ ní lẹ́tà tó lọ́ mọ́ra bí ìgbà tí ọ̀gá ilé ìwé bá bu ọwọ́ lu ìwé. Orúkọ yẹn ló kó sí mi lórí. Mo ná an títí, mo san owó tó tó owó ilé oṣù méjì, mo gbé e kọ́ èjìká, mo ń rìn bí ọkọ ìyàwó.

Kò pé oṣù kan tí okùn rẹ̀ tó nípọn jù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Mo gbé e lọ bá baba kan tó ń tún gìtá ṣe. Ọmọ Súlù ni. "Baba" náà ni gbogbo wa ń pè é, nítorí bí àwa ṣe ń pe baba ni àwọn náà ṣe ń pè é, ọ̀rọ̀ kan tó máa ń tù mí lára ní ìlú àjèjì yìí. Baba gbé gìtá sún mọ́ iná, ó wo orí rẹ̀ lọ, ó wò ó bọ̀, ó wá fi èékánná ha orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Sítíkà ni! Ó ṣí sókè bí èèpo àlùbọ́sà. Orúkọ mìíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀, orúkọ tí n kò gbọ́ rí.

Baba rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, gìtá yìí kò ṣàìsàn kankan. Ọrùn rẹ̀ ló tẹ̀ díẹ̀, màá nà án fún ọ. Orúkọ olórúkọ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lórí."

Mo bínú, mo fẹ́ lọ dá a pa dà, ṣùgbọ́n ẹni tó tà á fún mi ti palẹ̀ mọ́. Baba wá bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò rí fèsì: kí sítíkà tó ṣí, ṣé gìtá náà dùn àbí kò dùn? Ó dùn. Kò sí ẹnì kan nínú ìjọ wa tó sọ pé kò dùn. Ta ló wá jà mí lólè gan-an, kí sì ni wọ́n jí? Ìbéèrè yẹn ni mo gbé kiri títí tó fi di ọ̀rọ̀ tí mò ń bá yín sọ yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Gìtá bèèsì ni gìtá olókùn mẹ́rin tó ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, èyí tí ikùn máa ń gbọ́ kí etí tó gbọ́ ọ. Bí Sunny Adé bá ń kọrin, tí àwọn gìtá tẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣeré lókè, tí gángan ń fọhùn, èyí tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ lábẹ́ gbogbo wọn ni mò ń wí. Ó ní orí, níbi tí a ti ń yí okùn kó le tàbí kó rọ̀. Ó ní ọrùn. Ó ní ara. Ẹ fi orí àti ara yìí sọ́kàn, nítorí lé wọn lórí ni àwọn agbẹjọ́rò ti jẹun fún ohun tó lé ní ogójì ọdún.

Ọkùnrin tó kọ́kọ́ ṣe èyí tí gbogbo ayé ń wò ṣe kì í ṣe olórin. Alátùn-únṣe rédíò ni! Leo Fender ni orúkọ rẹ̀, ìlú Fullerton ní California ló ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún rédíò ṣe, kò sì mọ gìtá ta. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ta bèèsì, ohun èlò olókùn gàgàrà kan tó ga ju èèyàn lọ ni yóò gbé dúró bí òpó ilé, ìró rẹ̀ kì í sì í jáde láàárín ìlù. Ní 1951, Leo gé pákó pẹlẹbẹ kan, ó kan ọrùn gígùn mọ́ ọn, ó to irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sórí ọrùn náà kí ìka má baà ṣìnà, ó sì fi iná mànàmáná gbé ìró rẹ̀ jáde. Nítorí pé ìka kì í ṣìnà mọ́ ló ṣe pè é ní Precision Bass. Dọ́là 199 àti sẹ́ńtì 50 ni wọ́n ń tà á. Ní 1960, ó tún ṣe èkejì, Jazz Bass. Ẹni tó bá wo gìtá bèèsì mẹ́wàá lónìí, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní òde àríyá, yóò rí ọ̀kan nínú ojú méjì yìí lára ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ọgbọ́n alátùn-únṣe rédíò ni Leo fi kan gìtá rẹ̀. Ó ti rí i pé ohun tó bá lè bàjẹ́ gbọ́dọ̀ ṣeé tú. Nítorí náà ni kò ṣe fi àtè lẹ ọrùn mọ́ ara bí àwọn àgbà oníṣẹ́ gìtá ṣe ń ṣe. Sukúrúù mẹ́rin ló fi dè é. Bí ọrùn bá bàjẹ́, ẹ tú u, ẹ de òmíràn. Ohun tó rọrùn láti tún ṣe kò lè nira láti wò ṣe. Káfíńtà tó bá ní ayùn iná, tó sì rí ọ̀kan wò, yóò gé òmíràn. Leo fúnra rẹ̀ ló la ọ̀nà fún àwọn tó wò ó ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pè wọ́n.

Ní 1965, ó ta ilé iṣẹ́ náà fún CBS ní mílíọ̀nù 13 dọ́là. Orúkọ rẹ̀ bá ọjà lọ. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Leo lọ gbẹ́ òmíràn, ṣùgbọ́n kò lè kọ "Fender" sí i mọ́. Gìtá bèèsì StingRay tó jáde ní 1976, orúkọ Music Man ló wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló tún dá G&L sílẹ̀, lẹ́tà kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ George Fullerton, lẹ́tà kan fún Leo. Ọwọ́ tó ṣe ti 1951 náà ló ń ṣe wọ̀nyí o. Orí ni kò lè fi orúkọ bàbá rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ṣe rí lọ́jà: ó ṣeé tà, bí ẹ bá sì ti tà á, kì í ṣe tiyín mọ́.

Àwọn ará Japan ló kọ́kọ́ fi àwòṣe kún ayé. Mo fẹ́ ká lo ọ̀rọ̀ mẹ́ta lálẹ́ yìí, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. Ojúlówó ni èyí tí ilé iṣẹ́ tó ni ín ṣe. Àwòṣe ni èyí tí ẹlòmíràn wò ṣe, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ayédèrú ni èyí tí ẹlòmíràn ṣe, tó wá fi orúkọ ẹni ẹlẹ́ni sí i. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jọra wọn bí ìbejì.

Ní nǹkan bí ọdún 1970 sókè, àwòṣe Japan dára débi pé àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í láàgùn. Ní oṣù kẹfà 1977, Norlin, tó ni ilé iṣẹ́ gìtá Gibson nígbà náà, pe Elger lẹ́jọ́ ní Philadelphia. Elger ló ń ta gìtá Ibanez ti Japan ní Amẹ́ríkà. Kí ni Norlin ń jà sí? Ara kọ́, ọrùn kọ́. Orí ni! Ó ní wọ́n gé orí gìtá wọn bí orí gìtá tòun. Wọ́n parí rẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí ní 1978, Ibanez gbà pé òun kò ní gé orí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ti ń pa orí náà dà kí ìwé ẹjọ́ tó dé ọwọ́ rẹ̀ pàápàá. Ẹ wá wo ọgbọ́n ọlọ́jà: títí dòní, bí wọ́n bá ń ta gìtá Japan àtijọ́, wọn á ní "gìtá ẹjọ́" ni, owó rẹ̀ á sì lé sí i. Ọ̀pọ̀ nínú gìtá tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ ẹjọ́ kankan rí. Èmi kò tíì gbọ́ pé wọ́n gbé ewúrẹ́ lọ sí kóòtù kí owó ẹran rẹ̀ lè wọ́n.

Fender ní tirẹ̀ kò lọ sí kóòtù. Ó ní bí ẹ bá ń wò mí ṣe, èmi náà á wo ara mi ṣe. Ní 1982, ó dá Fender Japan sílẹ̀, ó sì mú orúkọ Squier, tó ti jẹ́ ti ilé iṣẹ́ okùn gìtá kan tó rà ní 1965, ó kọ ọ́ sórí gìtá olówó pọ́ọ́kú. Squier ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ wa fi ń kọ́ bèèsì níbí. Àwòṣe tí onílé fọwọ́ sí ni, ilé iṣẹ́ Indonesia àti ti China ló sì ń kan ọ̀pọ̀ nínú wọn nísinsìnyí.

Ṣùgbọ́n Fender kò fi ọ̀rọ̀ ara sílẹ̀ títí. Ní 2003, ó lọ bá ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń forúkọ àmì òwò sílẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ ìrísí ara gìtá mẹ́ta mọ́ òun lórúkọ: Stratocaster, Telecaster àti Precision Bass. Ilé iṣẹ́ mẹ́tàdínlógún dìde, wọ́n ní rárá. Stuart Spector, tí òun náà ń ṣe bèèsì, ni orúkọ rẹ̀ ṣáájú lórí ìwé ẹjọ́. Ọjọ́ 25 oṣù kẹta 2009 ni ìdájọ́ jáde. Fender pàdánù. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní ìrísí wọ̀nyí ti di ti gbogbo ayé, pé bí ènìyàn bá rí ara bẹ́ẹ̀, kò ní sọ pé "Fender rèé". "Gìtá rèé" ni yóò sọ. Wọ́n tilẹ̀ tọ́ka sí ìwé atúmọ̀ èdè kan: níbi tí ìwé náà ti ń ṣàlàyé ohun tí gìtá oníná jẹ́, àwòrán tó ní ìrísí Stratocaster ni wọ́n yà síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ti wọ ìwé atúmọ̀ èdè, ta ni yóò gbà á pa dà?

Kí ló pa Fender? Oorun ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ti ń gé ara yẹn tà lójú rẹ̀, ní gbangba, ó sì dákẹ́. Nígbà tó fi jí ní 2003, ọmọ ti lọ́mọ. Orí nìkan ló ṣọ́. Ìrísí orí gìtá Fender wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ títí di òní, ẹni tó bá sì fẹ́ gé ọrùn tó ní orí yẹn, bí Warmoth ṣe ń ṣe, gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Ẹ fi wé Rickenbacker, tí bèèsì tirẹ̀ ti wà láti 1957. Òun kò sùn rárá. Ó forúkọ orí sílẹ̀, ó forúkọ ara sílẹ̀, bó bá sì rí àwòṣe níbikíbi, ìwé agbẹjọ́rò á dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn olórin máa ń ṣépè fún un, ṣùgbọ́n ó ń ṣọ́ ilé rẹ̀. Ní ti Gibson, ó gbé àwọn tó ni gìtá Dean lọ sí kóòtù ní Texas ní 2019, ó jàre ní 2022, ṣùgbọ́n ní 2024 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kí wọ́n lọ tún ẹjọ́ náà gbọ́, nítorí wọn kò jẹ́ kí àwọn adájọ́ ará ìlú rí ẹ̀rí pé àwọn ẹlòmíràn ti ń gé irú ara bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ọ̀rọ̀ oorun náà ni.

Èrò tèmi rèé. Ìdájọ́ 2009 yẹn dára, ó sì bá ìwà wa mu. Ta ló ni ìrísí gángan? Igi tó fún ní ìbàdí, awọ lójú méjèèjì, ọṣán yí i ká: kò sí ìdílé Àyàn kan tó lè sọ pé tòun nìkan ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbẹ́ ìlù tirẹ̀ ní Ẹdẹ, tó wá sọ fún oníbàárà pé àgbà onílù kan ní Ọ̀yọ́ ló gbẹ́ ẹ, irọ́ ló pa, olè ló sì jà. Ara jẹ́ ti gbogbo ayé. Orí ni ẹni. Ojú tí a ń kọ ilà sí, orí ló wà.

Ẹ jẹ́ ká wo òfin ibí. Ní Gúúsù Áfíríkà, bí ènìyàn bá forúkọ ìrísí ọjà sílẹ̀ nítorí ẹwà rẹ̀, ọdún 15 ni òfin fi ń dáàbò bò ó. Bó bá jẹ́ nítorí iṣẹ́ tí ìrísí náà ń ṣe, ọdún 10. Ká tilẹ̀ ní Leo forúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ níbí ní 1951, ààbò ọdún 15 ì bá ti parí ní 1966. Ẹni tó bá fẹ́ kó wà títí láé ni yóò gba ọ̀nà àmì òwò, níbẹ̀ náà, Òfin Àmì Òwò, Nọ́ńbà 194 ti 1993, ti pa ilẹ̀kùn dé díẹ̀: ìrísí tó bá lè dí ìdàgbàsókè iṣẹ́ ọnà tàbí iṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́, wọn kò gbọdọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo.

Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní Bloemfontein ti dá ẹjọ́ méjì tó yẹ kí olùta gìtá mọ̀. Ní 2013, BMW bá Grandmark ṣẹjọ́, ilé iṣẹ́ kan tó ń kó àwòṣe ẹ̀yà ara mọ́tò wọlé: bónẹ́ẹ̀tì, iná iwájú, àti irin tó bo táyà, tí àwọn òyìnbó ń pè ní "fender". Ẹ ò rí i pé orúkọ yìí kò fẹ́ fi wá sílẹ̀! BMW pàdánù. Ilé ẹjọ́ ní kò sẹ́ni tí í ra bónẹ́ẹ̀tì nítorí ẹwà bónẹ́ẹ̀tì. Ènìyàn ń rà á nítorí ti mọ́tò rẹ̀ ti fọ́, èyí tó bá ibẹ̀ mu ló sì ń wá. Ṣùgbọ́n ní 2014, ilé ẹjọ́ kan náà dá Nestlé láre lórí bisikíìtì Kit Kat, ìka mẹ́rin tó so pọ̀. Wọ́n ní bí àwọn ènìyàn ìlú yìí bá rí ìka mẹ́rin yẹn lásán, láìsí ìwé tí wọ́n fi wé e, wọ́n mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ìrísí náà ti di ilà ojú. Ohun tí gìtá Fender kò rí gbà ní Amẹ́ríkà, bisikíìtì rí i gbà níbí.

Ti ayédèrú kò ní àríyànjiyàn. Òfin Ayédèrú Ọjà, Nọ́ńbà 37 ti 1997, sọ pé ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi fún ìgbà àkọ́kọ́ lè san tó 5,000 rándì lórí ẹyọ ọjà kọ̀ọ̀kan, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan o. Ẹni tó bá lẹ sítíkà mọ́ ogún gìtá, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Mo ti ń sọ ti òfin púpọ̀. Ohun tó ń dùn mọ́ mi jù ni ohun tí ìlú yìí ti fi gìtá ṣe. Ní 1964, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Gallo dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní Johannesburg, tí wọ́n ń pè ní Mavuthela. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Makgona Tsohle ti ń bá àwọn olórin Mahlathini àti Mahotella Queens ṣeré. Ìtumọ̀ orúkọ ẹgbẹ́ náà ni àwọn tó lè ṣe gbogbo nǹkan. Joseph Makwela ló ń ta bèèsì níbẹ̀. Àwọn tó mọ ìtàn orin ìlú yìí kà á mọ́ àwọn ọmọ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gbé bèèsì oníná níbí. Ẹ gbọ́ mbaqanga, irú orin tí wọ́n ń ṣe, dáadáa, bèèsì kì í sìn lẹ́yìn níbẹ̀. Òun ló ń ṣíwájú, gìtá ló ń tẹ̀ lé e.

Nígbà tí Paul Simon, olórin Amẹ́ríkà, wá síbí ní oṣù kejì 1985 láti ṣe ohun tó padà di rẹ́kọ́ọ̀dù Graceland, ní sítúdíò Ovation, ọmọ Johannesburg kan tó ń ṣe mẹkáníìkì ni wọ́n pè wá ta bèèsì. Bakithi Kumalo. Bèèsì tó gbé dání kì í ṣe Fender. Washburn ni, èyí tí kò ní irin lọ́rùn, tí ìka ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ohùn akígbe. Rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn gba Grammy rẹ́kọ́ọ̀dù tó dára jù lọ lọ́dún. Mo ti rí àwọn tó ní bèèsì Amẹ́ríkà tí owó rẹ̀ tó ra mọ́tò tókúnbọ̀, tí wọn kò lè ta ìṣẹ́jú àáyá méjì nínú ohun tí Bakithi ta.

Gallo yìí kan náà, kì í ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù nìkan ló ń ṣe nígbà kan. Ó ń ṣe gìtá olówó pọ́ọ́kú tó ń jẹ́ Gallotone, ó sì lẹ ìwé sínú rẹ̀ pé òun ṣèlérí pé kò ní là. Ọ̀kan nínú rẹ̀, Gallotone Champion, dé Liverpool ní 1957, ó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan tó ń jẹ́ John Lennon. Gìtá ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà yìí ló gbé lọ́jọ́ 6 oṣù keje ọdún náà, nígbà tó pàdé Paul McCartney níbi àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì ní Woolton. Paul ní tirẹ̀, nígbà tó fẹ́ ra bèèsì ní Hamburg ní 1961, Fender wọ́n ju agbára rẹ̀ lọ. Höfner tó jọ fayolín ló rà, ní nǹkan bí 30 pọ́n-ùn. Ẹ wò ó, ohun tí apá wọn ká ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1999, wọ́n ta Gallotone yẹn ní gbàǹjo ní London, owó rẹ̀ sì kọjá 100,000 pọ́n-ùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí tó kù, nítorí òun ni mo ṣe gbé gbohùngbohùn. Ní 1939, ní sítúdíò Gallo kan náà, ọkùnrin Súlù kan tó ń jẹ́ Solomon Linda kọ orin kan tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Mbube, ìyẹn kìnnìún. Iṣẹ́ dídi ẹrù ló ń ṣe fún Gallo. Ṣílè mẹ́wàá ni wọ́n fún un fún orin náà. Rẹ́kọ́ọ̀dù dé Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ The Weavers tún un kọ ní "Wimoweh", orúkọ tí wọ́n sì kọ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín ni Paul Campbell. Ẹ wá Paul Campbell títí, ẹ kò ní rí i. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀; orúkọ tí àwọn Weavers fi bojú ni. Ní 1961, ó tún di "The Lion Sleeps Tonight", orúkọ àwọn mìíràn tún gun orí rẹ̀. Linda kú ní 1962, tálákà ni. Ó di 2004 kí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin tó rí agbẹjọ́rò tó pe ilé iṣẹ́ fíìmù Disney, tó lo orin náà, lẹ́jọ́, nítorí òfin àtijọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ ní kí ẹ̀tọ́ orin pa dà sọ́wọ́ àwọn ajogún lẹ́yìn ọdún 25 tí olórin bá ti kú. Ní oṣù kejì 2006, wọ́n yanjú rẹ̀: ìdílé Linda yóò máa gba owó, orúkọ Linda yóò sì wà lára orin.

Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, sítíkà orí gìtá mi ni mo rántí. Ohun kan náà ni wọ́n ṣe. Kò sẹ́ni tí ì bá bínú bí àwọn Amẹ́ríkà bá gbọ́ Mbube, tí wọ́n wò ó ṣe, tí wọ́n ní "ti Solomon Linda ni." Ara orin lè rìn káyé. Orí rẹ̀ ni wọ́n gé, tí wọ́n lẹ òmíràn mọ́ ọn. Nígbà tí ó jẹ́ orí gìtá Amẹ́ríkà, agbẹjọ́rò dé láàárín ọdún díẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ orin ọmọ Súlù, ó gba ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ ń ṣòwò níbí, mo bẹ̀ yín. Tí wọ́n bá ń sọ ọ̀rọ̀ ayédèrú ní ìlú yìí, kì í pẹ́ kí wọ́n tó dárúkọ àwa àlejò. Ẹ ta àwòṣe, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀, ẹ gba owó tó tọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ má wo sítíkà. Bí olùtà bá ní Fender ni, ẹ ní kó tú sukúrúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó yọ ọrùn, ẹ wo ìdí ọrùn àti ojú ihò tí ọrùn ń wọ̀, bóyá ọjọ́ tàbí àmì ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ wádìí. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá etí ọrùn lọ gbá a bọ̀. Bí irin bá ń ya yín lọ́wọ́, wọn kò fi sùúrù parí rẹ̀. Bí olùtà bá kọ̀ láti tú u, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Bó bá sì jẹ́ àwòṣe tó dára, ẹ rà á, ẹ fi owó tó kù wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe bíi baba tèmi yẹn. Ọ̀pọ̀ gìtá tí ènìyàn ń pè ní burúkú, ọrùn rẹ̀ ló tẹ̀, okùn rẹ̀ ló gbó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìjọ wa sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé òun lè bá mi tẹ sítíkà Fender mìíràn sí i, kó lè dára nínú fídíò. Mo ní kó má ṣèyọnu. Orúkọ tí Baba tú síta ṣì wà lórí gìtá mi, èékánná ti ha lẹ́tà kan dànù lára rẹ̀. Òun ni n óò gbé lọ sí ìsìn aago mẹ́sàn-án lọ́jọ́ Àìkú. Ó dàárọ̀ o.